Ẹni Tí Àpò Rẹ̀ Fúyẹ́ Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ara wa, àwa tí a ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tí oṣù kan kì í kọjá kí ọ̀rẹ́ wa kan má gbéyàwó. Fàájì àpọ́n ti di ìyà. Kì í ṣe ọtí là ń bá wí, kì í ṣe ijó, kì í ṣe ìrìnàjò pàápàá. Ohun tí à ń bá wí ni pé a ti sọ owó di ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé, a sì ń pe èyí ní ìfẹ́ sí ọkọ ìyàwó. Àwa náà ṣe é. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí òkè la dúró sí tí a ń sọ̀kò sísàlẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yẹn gan-an la ti ń pariwo.

Àwa méje ni. Ìlú Ọ̀yọ́ la dàgbà sí, ní àdúgbò tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Mẹ́rin nínú wa lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mẹ́ta yòókù gba ọ̀nà iṣẹ́ tiwọn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa sọ pé òun fẹ́ gbéyàwó, ilẹ̀ ò tíì ṣú lọ́jọ́ náà tí ẹnì kan fi dá group WhatsApp sílẹ̀. Orúkọ group náà ni "Aṣálẹ̀ Ń Pè". Dubai la kọ́kọ́ dárúkọ, níbi tí wọ́n ti ń fi jíìpù sáré lórí òkè iyanrìn. Ẹnì kan rántí pé wọn ò fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní físà ibẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2022 títí di oṣù keje 2024, ó ní òun ò tíì dárí jì wọ́n. Bí a ṣe yà sí Mòrókò nìyẹn, sí aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Agafay, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlú Marrakech.

Ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ kan kún un. Agafay kì í ṣe aṣálẹ̀ oníyanrìn tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù. Òkúta àti ilẹ̀ gbígbẹ ni. Àwọn àgọ́ tí wọ́n pa síbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì àti omi gbígbóná, àwọn míì ní swimming pool. Ràkúnmí wà tí èèyàn lè gùn fún ìgbà díẹ̀ kó lè ya fọ́tò. A mọ gbogbo èyí, a ti wo fídíò rẹ̀ tó ogún. Síbẹ̀, tí ẹ bá gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé a fẹ́ lọ bá kìnnìún jà ni.

Ẹni tó mọ Google Sheets lò jù nínú wa ṣe ìṣirò. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Físà. Àgọ́ fún alẹ́ méjì. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a máa fi sáré káàkiri. Ràkúnmí. Ẹni tí yóò fi drone ya fídíò wa. Aṣọ funfun kan náà fún gbogbo wa. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, ₦2,450,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fara balẹ̀ ka iye yẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí láti oṣù keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn máa ṣiṣẹ́ oṣù 35 gbáko kó tó lè bá wa gun ràkúnmí, kó má jẹ, kó má mu, kó má san owó ilé.

Ẹnì kìn-ín-ní tẹ àtàǹpàkò sókè. Ẹnì kejì tẹ iná. Ẹnì kẹta ní "kò sí wàhálà, ẹ̀mí là ń ná lówó." Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sọ nǹkan kan.

Òun àti ìyá rẹ̀ ń ta òfì ní Akẹ̀sán. Tí ẹ bá mọ ìtàn ọjà yẹn, ẹ mọ̀ pé iná jó o ní oṣù kìn-ín-ní 2020. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà nínú èyí tó jó. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọjà náà kọ́, ó dára, ó rẹwà, ẹ̀yin tó bá dé ibẹ̀ á jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọjà tó wà nínú ọjà, tí iná jó, kò sẹ́ni tó bá wọn tún ìyẹn kọ́. Gèlè kan lónìí, ìró kan lọ́la, ni wọ́n fi ń kó ọjà tuntun jọ títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ nǹkan míì nípa ẹni yìí. Nígbà tí ọkọ ìyàwó wa ń kọ project ìparí rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Olófì yìí ló ta lára ọjà rẹ̀ láti Ọ̀yọ́, tó gbé owó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí a fi ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Kò sì béèrè rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kẹta, WhatsApp sọ fún wa pé ó ti kúrò nínú group. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sọ ìdí. Ọ̀kan nínú wa wá kọ ọ́ pé: "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Ó fi ẹ̀rín sí i nídìí. Àwa yòókù náà rẹ́rìn-ín. A ń kọ ìyẹn síbí kó lè máa tì wá lójú nígbàkigbà tí a bá padà ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọkọ ìyàwó tó béèrè pé, "Ẹ gbọ́ ná, kí ló dé tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tó sọ ọ́ di ẹni tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà ni a ti yọ kúrò nínú fàájì rẹ̀, a sì ti gba àsansílẹ̀ owó lórí àyè rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun kan wà tí a máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ tuntun. Tí o bá kọ app, má dán an wò lórí fóònù tìrẹ nìkan. Fóònù tìrẹ tuntun ni, íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì sì yá. Wá fóònù tó rẹlẹ̀ jù tí oníbàárà rẹ lè ní, èyí tí ojú rẹ̀ ti là, tí inú rẹ̀ ti kún, kí o gbé e lọ síbi tí network ti ń ṣe ségesège. Tí app náà bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, má sọ pé fóònù oníbàárà ló burú. Iṣẹ́ rẹ ló burú.

A mọ èyí. Wọ́n ń san owó oṣù fún wa torí pé a mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, nígbà tó kan ọ̀rẹ́, fóònù tó dára jù nínú wa la fi dán ètò wa wò. Nígbà tí ètò náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, a ní kó ṣe bó ti mọ.

Ohun tó tún wá burú jù ni pé àwa tó tẹ àtàǹpàkò sókè gan-an, gbogbo wa kọ́ la lówó náà. Ìgbà tí ètò dàrú ni àṣírí tó tú. Ẹnì kan ti fẹ́ fi owó ilé rẹ̀ ti ọdún tó ń bọ̀ san án. Ẹnì kan ti ń wo àwọn app ayánilówó, irú èyí tó jẹ́ pé tí o bá fi ọjọ́ kan pẹ́ kí o tó san, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí ìyàwó àbúrò rẹ àti pásítọ̀ rẹ pé olè ni ọ́. Nínú àwa mẹ́fà tó yẹ kó sanwó, ẹni méjì péré ni owó náà kò ní pa lára. Àwọn méjì yẹn náà rò pé ohun tí àwa yòókù fẹ́ nìyẹn. Ẹnu kan ò sì yà láti sọ òótọ́ àyàfi ti Olófì, òun náà sì kúrú. Jíjáde ni.

Kí ni fàájì àpọ́n ti wà fún tẹ́lẹ̀? Ní apá Ọ̀yọ́ wa níbí, ìyàwó gan-an ló ni àsìkò náà. Òun ni yóò máa sun ẹkún ìyàwó kiri, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, tí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, tí yóò máa tọrọ àdúrà. Ọkùnrin ní ti tirẹ̀ máa ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀. Wọ́n á lọ sí oko bàbá ìyàwó, wọ́n á kọ ebè, tàbí kí wọ́n bá àna ṣe òrùlé ilé. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá ni ọkọ́ àti apá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì wá gbọ́. A ò ní kí a padà sí oko lọ kọ ebè. Ẹ̀yìn wa tó ti tẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe é. Ohun tí à ń tọ́ka sí ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Ìgbà yẹn náà, olówó àti tálákà wà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí o mú wá jẹ́ ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ní. Ọmọ olówó kò ní ju apá méjì lọ.

Àwa yí i padà. A ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ohun tí àwọn díẹ̀ ní wá, a sì wá ń yanu pé ẹgbẹ́ ń tú.

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ tó ti gba Agadez kọjá rí, ó ń lọ sí Líbíà. Ó padà wálé. Ó ń gún bíríkì báyìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú wa fi fọ́tò àgọ́ Agafay hàn án, ó fẹ́ fi ṣe fọ́ńté. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ máa sanwó kí ẹ tó débẹ̀ ni?" Ìyẹn nìkan ló sọ, ó sì padà sídìí bíríkì rẹ̀.

Mòrókò kì í ṣe Niger, a mọ̀. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ Sàhárà tí àwa fẹ́ fara wé fún ọjọ́ méjì ni àwọn ẹgbẹ́ wa ń gbà kọjá nínú ọkọ̀ tí kò lórí, tí wọ́n di igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí èèyàn má bàa já bọ́. Ní 2015, Niger ṣe òfin tó sọ gbígbé irú àwọn arìnrìnàjò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba ológun ibẹ̀ fagi lé òfin náà. Kí òfin tó dé, nígbà tó wà, lẹ́yìn tó lọ, èèyàn ń kọjá. Ní oṣù kẹwàá 2013, òkú èèyàn 92 ni wọ́n rí nínú aṣálẹ̀ náà, ní apá Niger tó súnmọ́ Àlùjíríà. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Òùngbẹ ló pa wọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ bàjẹ́. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín níbi tí ẹlòmíì ti sunkún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò síbi tí a máa rẹ́rìn-ín sí láyé. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a mọ orúkọ ohun tí a fẹ́ rà. Kì í ṣe ewu la fẹ́ rà. Àwòrán ewu ni, tó ní omi gbígbóná nínú. A sì fẹ́ fi ọ̀rẹ́ wa kan sílẹ̀ lẹ́yìn torí àwòrán.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ti ń sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa ní, "Ṣebí owó wa ni? Ta ló ní ká má ná an?" Ẹ ná an. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Marrakech lẹ́yìn ìgbéyàwó, a ó bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ohun tí ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ pè. Nígbà tí ẹ bá ti sọ pé "àwa ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ń lọ", ẹ ti pín ọ̀rẹ́ sí ọ̀nà méjì: èyí tó lọ àti èyí tí kò lọ. Nínú fọ́tò, ẹ̀yin tó lọ nìkan ni ọ̀rẹ́. Bí yóò ṣe wà nìyẹn títí ọmọ ọkọ ìyàwó á fi dàgbà tí á máa béèrè pé àwọn wo nìyí.

Ẹ máa ní, "Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún." Òótọ́ ni. Ikú ń pín ẹgbẹ́, iṣẹ́ ń pín in, físà Kánádà ti pín tiwa lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ayé máa ń ṣe fún ẹgbẹ́ ni òwe yẹn ń sọ. Kò rán wa níṣẹ́ pé ká bá ayé ṣe é.

Ẹ máa ní, "A ti jìyà tó, ẹ jẹ́ ká gbádùn." Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, torí a mọ ìyà náà. A mọ iná tó ń lọ nígbà tí code kù díẹ̀ kó parí. A mọ oníbàárà òkè òkun tó ní kí a jí ní agogo mẹ́ta òru wá ṣèpàdé. Ẹ gbádùn, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin pẹ̀lú ta lẹ jọ jìyà náà? Ìdáhùn yẹn ló yẹ kó jẹ́ orúkọ àwọn tó máa wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ máa wá ní, "Ilé wa níbí ńkọ́, kí ló wà níbẹ̀? Ọ̀nà ò dára, ààbò ò sí." Ẹ̀yí ní òótọ́ nínú, a ò ní fi irọ́ bò ó. Nígbà tí a fẹ́ yí ètò padà, igbó Ọ̀yọ́ Ilé la kọ́kọ́ rò. Láti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ibẹ̀ di Old Oyo National Park. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ sì wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ tí a ti dàgbà. Ahoro olú ìlú àwọn baba wa wà nínú rẹ̀, ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì dé ibẹ̀ rí. A béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ igbó náà. Wọ́n ní ká ní sùúrù ná, nítorí ààbò. A gbọ́, a ò lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ṣe ìyàngàn. Inú sì ń bí wa pé ó rọrùn fún ọmọ Ọ̀yọ́ láti sùn nínú àgọ́ ní Mòrókò ju kó fi ojú rí ibi tí Akẹ̀sán àkọ́kọ́ wà. Torí Ọ̀yọ́ Ilé ni Akẹ̀sán ti wá. Ọjà ọba ni níbẹ̀, kí ìlú náà tó tú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ̀ ìlú tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, tí wọ́n sì fi orúkọ ọjà àtijọ́ sọ ti tuntun. Títí dòní, àwọn àgbà ṣì ń pe Ọ̀yọ́ ní Àgọ́ d'Ọ̀yọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àgọ́! Ìlú wa fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àgọ́ rí. Àwọn tó pa á ò ṣe é nítorí fọ́tò. Ogun ló lé wọn, wọ́n jọ dé ibẹ̀, wọ́n jọ kọ́ ọ.

Ohun tí a ṣe nìyí. Owó àsansílẹ̀ tí a ti san fún àgọ́ ọ̀hún wọlé, kò jáde mọ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Àwa mẹ́fà wá lọ bá Olófì ní ṣọ́ọ̀bù ní Akẹ̀sán. A dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mà pọ̀ báyìí, ṣé kò sí?" A ní kò sí, mà. Olófì ní ká jókòó, ó fún wa lómi. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ẹ má torí mi yí nǹkan kan padà o. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni san tèmi. Tí ẹ bá san tèmi, lọ́jọ́ tí a bá jà, ẹ máa kà á sí mi lọ́rùn."

Òun ló tọ̀nà. A ti ń gbèrò láti dá owó jọ fún un, a rò pé ìyẹn ló máa parí ọ̀rọ̀. Àánú kì í tún ohun tí owó bàjẹ́ ṣe. Ó kàn ń yí ẹni tó ń tijú padà ni. Ọkọ ìyàwó wá béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wa ti béèrè láti ọjọ́ kìn-ín-ní: "Èló lo lè ná tí kò ní dùn ọ́?" Ó ronú, ó ní ₦40,000. Ọkọ ìyàwó ní, "Ó parí. Iye tí gbogbo yín máa san nìyẹn."

Mẹ́fà lọ́nà ₦40,000 jẹ́ ₦240,000. Ó gba bọ́ọ̀sì, ó gba oúnjẹ, ó gba ilé tí a sùn. Olófì ló sì mọ ibi tó yẹ ká lọ, torí pé Ìsẹ́yìn ló ti máa ń ra òfì, ó mọ ọ̀nà náà bí ẹní mọ owó. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, a jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì nítòsí Akẹ̀sán, ìyá Olófì jókòó tì wá, ó ń ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkọ ìyàwó ti dá láti ọmọ ọdún méje. Ó ní, "Ọkọ mi, ṣé o rántí ọjọ́ tí o sá sábẹ́ àtẹ mi nítorí bàbá rẹ?" Ọkọ ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Drone kankan ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a gba Ìsẹ́yìn kọjá lọ sí Adó-Àwáyé. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀, adágún kan wà lórí òkè níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyáké. Omi lórí àpáta, lókè téńté. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n máa ń kà kí èèyàn tó débẹ̀. Àwa olókìkí tó fẹ́ lọ sáré nínú aṣálẹ̀, nígbà tí a fi máa ka ọgọ́rùn-ún, ẹnì kan ti jókòó, ẹnì kan ti bì. Omi tí a gbé dání ò tó. Oòrùn mú wa bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Olófì tó máa ń gbé ẹrù aṣọ lójoojúmọ́ ló bá wa gbé báàgì dókè. Ìyẹn nìkan ni ó sọ̀rọ̀ group náà sí: "Ẹ ò ṣe bí ẹ ti mọ ni?" A rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí ó tọ́ sí wa.

Nígbà tí a gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bachelor party àbí excursion ilé-ìwé?" Àwọn tó fara mọ́ ọn pọ̀. Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ni a torí yín kọ èyí. Ẹ lọ wo fọ́tò fàájì tiyín tó kẹ́yìn, kí ẹ ka iye èèyàn inú rẹ̀. Kí ẹ wá ka iye tó yẹ kó wà níbẹ̀. Tí iye méjèèjì bá bára mu, ẹ máa fi wá ṣẹ̀sín lọ.

Fún ẹ̀yin tó ṣì fẹ́ gbọ́, a ní ìlànà kan ṣoṣo, kò sì ṣòro. Kí ẹ tó dárúkọ ìlú, kí ẹ tó wo fídíò, ẹ ṣe Google Form tí kì í béèrè orúkọ. Ìbéèrè kan ni kó wà nínú rẹ̀: èló lo lè ná tí o ò ní yá owó, tí kò ní dùn ọ́? Iye tó kéré jù nínú ìdáhùn ni iye tí gbogbo yín máa san. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ ta ló kọ ọ́, kò sẹ́ni tí ojú máa tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ibi tí owó náà lè gbé yín dé. Ẹni tó lówó jù, tó fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi kún ẹ̀bùn tó máa fún tọkọtaya. Inú wọn á dùn sí i ju ràkúnmí lọ.

Àwa kan á ní iye náà á ti kéré jù. Ó lè kéré. Ìyẹn ni ẹ máa fi mọ bí àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe ń gbé ayé, torí pé wọn ò sọ ọ́ fún yín láti ọjọ́ yìí. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nínú form ju kí WhatsApp sọ fún yín pé wọ́n ti jáde.

Ìgbéyàwó náà ti kọjá. Òfì tí ìyàwó ró lọ́jọ́ náà, Akẹ̀sán ni wọ́n ti rà á, a sì san owó rẹ̀ pé. A ti yí orúkọ group náà padà, kì í ṣe "Aṣálẹ̀ Ń Pè" mọ́. Àwa méje la wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn láti gbéyàwó ti fi form ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí.